Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Tún Ọrun Kọ́ńpáùn Ṣe Kí Ọfà Ọdẹ Lè Máa Lọ Tààrà

Ẹ̀yin ọdẹ tẹ́ ẹ wà ní Iléṣà, Ifẹ̀ àti gbogbo abúlé tó yí wa ká, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi ọrun kọ́ńpáùn dẹ̀gbẹ́ tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tiyín lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó ti òkè òkun dé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ohun tí mo máa ń rí ni pé tí ọfà bá ti ń lọ síbi tí wọn ò rán an, sáìtì, ìyẹn ohun tá a fi ń wojú àmì lára ọrun, lọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ gbá mú, wọ́n á yí i sọ́tùn-ún, wọ́n á yí i sósì, lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún yí i padà, ọfà á ṣì máa ṣe tinú ẹ̀. Sáìtì kì í tún ọfà ṣe o. Ibi tí ojú yín ń wò ló mọ̀, kò mọ bí ọfà ṣe kúrò lórí ọrun. Ọfà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ kúrò lórí ọrun, bó ti wù kẹ́ ẹ yí píìnì sáìtì tó, ẹ̀gbẹ́ náà ló máa fi lọ. Ọfà àti ọrun la kọ́kọ́ ń tún, sáìtì ló kẹ́yìn pátápátá.

Ẹ lè sọ pé ṣebí ọfà yín ń bá ojú àmì dáadáa tẹ́ ẹ bá ń ta á lẹ́yìnkùlé. Mo gbà. Orí ọfà ìdánrawò kéré, ó rí roboto, atẹ́gùn ò rí nǹkan kan dì mú lára ẹ̀, ìyẹ́ tó wà nídìí ọfà á sì ti tún ìrìn ẹ̀ ṣe kó tó débẹ̀. Àmọ́ ẹ yọ orí yẹn, ẹ fi orí abẹ tẹ́ ẹ fi ń pẹran sí i, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà, torí abẹ méjì tàbí mẹ́ta tó wà níwájú yẹn, bí ìyẹ́ ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú atẹ́gùn. Ìyẹ́ wà lẹ́yìn, abẹ wà níwájú, tí ọfà bá kúrò lórí ọrun tààrà kò sí ìjà láàárín wọn, ṣùgbọ́n tó bá wọ́ díẹ̀ báyìí, abẹ iwájú á máa fà á lọ síbi tórí ẹ̀ kọ sí. Bí ìjìnnà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìyàtọ̀ á máa pọ̀ sí i. Ẹtu ò tóbi, ibi tí ọfà gbọ́dọ̀ bá lára ẹ̀ kó tó kú kíákíá, ìyẹn ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn, kéré gan-an. Tó bá bá ikùn, á sá wọ inú oko kòkó tàbí àbàtà, á jẹ̀rora fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á lọ kú síbi tẹ́nikẹ́ni ò ní rí i. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́.

Ọrun tàwọn bàbá wa ń lò, igi kan, ọsán kan, ó parí. Ti kọ́ńpáùn ní nǹkan púpọ̀ lára. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, Holless Wilbur Allen, ló gbé e jáde, ọdún 1966 ló kọ̀wé sí ìjọba pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, 1969 ni wọ́n fún un níwèé àṣẹ ẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó fi kẹ̀kẹ́ kéékèèké sí orí apá méjèèjì, òun là ń pè ní káàmù, kẹ̀kẹ́ yìí ló máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá ti fà á dópin. Ọrun 60 páùn, ìyẹn èyí tó gba agbára 60 páùn láti fà, tó ń já ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, páùn 12 péré lẹ máa dì mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń wojú ẹran, ẹ lè farabalẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀. Ìyẹn ni àǹfààní ẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé káàmù wà, kébù wà, ìyẹn àwọn okùn yòókù tó so mọ́ káàmù yàtọ̀ sí ọsán, rẹ́sìtì tí ọfà ń gbé lé wà, lúùpù orí ọsán tá a fi ń fà á wà, ọ̀kan nínú wọn sún díẹ̀, ọfà á mọ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Ẹ má fa ọrun kẹ́ ẹ wá tú u sílẹ̀ láìsí ọfà lórí ẹ̀, láéláé, kódà tẹ́ ẹ bá ń ṣeré, torí agbára tó yẹ kó bá ọfà lọ, inú apá ọrun àti káàmù ló máa padà sí. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá, ti kọ́ńpáùn burú ju ọ̀pá lọ, ó lè fọ́ sí yín lójú. Èkejì, ẹ má tú ọsán tàbí kébù láìsí bow press, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń tẹ apá ọrun méjèèjì wọlé kí ọsán lè dẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ibi gbogbo lẹ ti máa rí i, ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé ká sínú báàgì wà, ẹ sọ fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè òkun kó bá yín mú un bọ̀. Ẹ má lọ fi jáàkì mọ́tò tàbí okùn ṣe tiyín, irú ọgbọ́n àdábọwọ́ yẹn ò dáa fún nǹkan tó ká agbára tó tóyẹn mọ́ra. Ẹ̀kẹta, tó bá jẹ́ ọfà kábọ̀n lẹ̀ ń lò, kẹ́ ẹ tó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ síbí, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ fetí sí i. Tó bá dún pẹ́kẹ́, tàbí tẹ́ ẹ rí ibi tó ti sán, ẹ ṣẹ́ ẹ dànù. Ọfà kábọ̀n tó ti sán lè fọ́ lórí ọrun kó sì wọ yín lọ́wọ́.

Ibi tẹ́ ẹ máa ti ta á náà ṣe pàtàkì. Ẹ wá ẹ̀yìn ilé tí ògiri amọ̀ tàbí ebè gíga wà lẹ́yìn ẹ̀, tí èèyàn àti ewúrẹ́ ò ní gbabẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ má lọ ṣe é nínú ọgbà OAU o, èèyàn ń lọ èèyàn ń bọ̀ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Fún ojú àmì, àpò ìrẹsì tẹ́ ẹ ki àkísà sí dáadáa tó fún orí ọfà ìdánrawò, ṣùgbọ́n orí abẹ á fà á ya, á sì há sínú ẹ̀. Fún orí abẹ, ẹ kó páálí jọ, ẹ tẹ́ wọn pẹlẹbẹ, ẹ tò wọ́n lérí ara wọn títí wọ́n á fi ga, kẹ́ ẹ wá fi okùn dì wọ́n pinpin, ẹ̀gbẹ́ páálí ni kẹ́ ẹ máa ta sí, kì í ṣe ojú ẹ̀. Ọfà á wọlé láàárín páálí sí páálí, á sì ṣeé fà yọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára ara yín. Ọrun tí gígùn ìfà ẹ̀, ìyẹn bí ọsán ṣe máa jìnnà tó tẹ́ ẹ bá fà á dópin, ò bá yín mu, kò sí ẹni tó lè bá yín tún un. Ẹ na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnì kan fi téèpù wọ̀n ọ́n láti orí ìka àárín kan dé èkejì, ẹ fi 2.5 pín iye ínṣì tẹ́ ẹ bá rí. Ẹni tó bá wọn 70, gígùn ìfà tiẹ̀ á wà ní nǹkan bí ínṣì 28. Ibi téèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀. Tó bá gùn jù, ẹ máa rí i pé ẹ̀ ń fẹ̀yìn sẹ́yìn, ọsán á máa gbá yín lápá, ọwọ́ yín á sì máa lọ́ ọrun. Ti agbára ìfà náà, ẹ jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ na ọrun sí iwájú gbọọrọ kẹ́ ẹ fà á. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e sójú ọ̀run kẹ́ ẹ tó lè fà á, ó ti wúwo jù fún yín, ẹ dín in kù. Bọ́ọ̀tù tó wà ní ìdí apá ọrun lókè àti nísàlẹ̀ la fi ń dín in kù, iye tẹ́ ẹ bá yí tòkè náà ni kẹ́ ẹ yí tìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ má sì tú u kọjá ibi tí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọrun náà sọ. Mi ò rí ọlá kankan nínú kéèyàn máa gbọ̀n nídìí 70 páùn nígbà tí 50 á gba inú ẹtu já bí orí abẹ ẹ̀ bá mú.

Ọfà wá kàn, ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ìyọnu ti ń wá. Gbogbo ọfà ló máa ń tẹ̀ nígbà tí ọsán bá gbá a nídìí, ojú ò lè rí i ni. Èyí tó bá rọ̀ jù á tẹ̀ jù, èyí tó bá le jù ò ní tẹ̀ tó, àwọn méjèèjì ò ní lọ tààrà. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọfà, 500, 400, 340, 300, líle ẹ̀ ló ń sọ: wọ́n á gbé ọfà lé orí òpó méjì tó jìnnà síra ní ínṣì 28, wọ́n á fi nǹkan tó wúwo tó páùn 1.94 kọ́ sí àárín ẹ̀, wọ́n á wá wo bó ṣe tẹ̀ tó. Èyí tó tẹ̀ ní ìdajì ínṣì ni 500, èyí tó tẹ̀ ní 0.4 ni 400, nítorí náà bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ọfà ń le sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé òdìkejì ni, ẹ má ṣì í. Láti bẹ̀rẹ̀, ọrun 50 páùn pẹ̀lú ọfà bí ínṣì 27, 500 lẹ máa wá. 60 páùn pẹ̀lú ínṣì 28, 400. 70 páùn pẹ̀lú ínṣì 29, 340. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọfà máa ń ní àtẹ tó ṣàlàyé ẹ̀ ní kíkún, ẹ wò ó.

Àmọ́ nọ́ńbà yẹn nìkan kọ́. Tẹ́ ẹ bá fi orí tó wúwo sí i, ọfà á máa ṣe bí ẹni tó rọ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó gùn, á rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi páùn kún ọrun, á tún rọ̀. Tẹ́ ẹ bá gé e kúrú tàbí ẹ dín páùn kù, á le. Èyí wúlò gan-an torí ó túmọ̀ sí pé ọfà tó fẹ́ẹ̀ rọ̀ díẹ̀ fún ọrun yín kì í ṣe òkú, ẹ lè dín páùn ọrun kù ní méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ wò ó, kó má di pé ẹ ra òmíràn.

Ìwọ̀n ńkọ́? Gíréènì la fi ń wọn ọfà, gíréènì 7,000 ló wà nínú páùn kan. Ọfà ò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju gíréènì 5 fún páùn ọrun kọ̀ọ̀kan lọ, tó bá kéré sí ìyẹn ó ti fẹ́ dà bíi pé ẹ tú ọrun sílẹ̀ láìsí ọfà. Fún ẹran, èmi fẹ́ 7, ìyẹn ni pé ọrun 60 páùn á ta ọfà 420 gíréènì, nǹkan bíi gíráàmù 27. Àwọn kan fẹ́ràn ọfà fúyẹ́fúyẹ́ torí iyára, ṣùgbọ́n èyí tó wúwo máa ń dún kéré lórí ọrun, ó sì máa ń wọlé jìn lára ẹran, nínú igbó wa níbí tó jẹ́ pé ẹ ò lè ríran ju yáàdì 25 lọ, iyára wo lẹ fẹ́ fi ṣe? Tẹ́ ẹ ò bá ní síkéèlì, ẹ bá àwọn tó ń ra góòlù ní apá Ìtàgúnmódì sọ̀rọ̀, síkéèlì kékeré tí wọ́n fi ń wọn góòlù náà ló dáa jù fún ọfà. Ẹ wọn gbogbo ọfà yín lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orí wọn, kẹ́ ẹ yọ èyí tó bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù gan-an sọ́tọ̀ fún ìdánrawò.

Iwájú ọfà gbọ́dọ̀ wúwo ju ẹ̀yìn ẹ̀ lọ. Ẹ gbé ọfà lé orí ìka títí ẹ máa fi rí ibi tó ti dúró gbọọrọ láìṣubú, ẹ wọn ibẹ̀ láti ẹnu nọ́ọ̀kì, ìyẹn ibi tí ọsán ti ń wọ ìdí ọfà. Ká ní ọfà jẹ́ ínṣì 28 láti ẹnu nọ́ọ̀kì dé òpin igi ọfà, tí ibi tó ti dúró jẹ́ 17.5: ìdajì 28 ni 14, ẹ yọ 14 kúrò nínú 17.5, ó ku 3.5, ẹ fi 28 pín in, ó jẹ́ ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín 10 sí 15 dáa fún ọdẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ de orí abẹ mọ́ ọn, ẹ gbé orí abẹ lé àtẹ́lẹwọ́ tàbí pákó pẹ̀lú ìṣọ́ra, kẹ́ ẹ fi ìka yí ọfà bírí. Tí orí náà bá ń gbọ̀n, tó ń yà sọ́tùn-ún sósì, ọfà yẹn ò ní lọ tààrà láé, ẹ má fàkókò yín ṣòfò lórí ọrun nítorí ẹ̀. Ẹ yí orí náà padà sí ọfà mìíràn, ẹ wò ó bóyá igi ọfà ló wọ́ tàbí orí.

Ní báyìí ẹ gbé ọrun. Ẹ fi máákà sàmì sí ibi tí rẹ́sìtì wà, ibi tí káàmù dúró sí, ibi tí lúùpù wà lórí ọsán, kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ẹ̀. Tó bá dàrú, ẹ máa mọ ibi tẹ́ ẹ máa dá a padà sí. Ẹ fi téèpù wọn gígùn ọrun láti irin tí káàmù òkè ń yí lé lórí dé tìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wọn àyè tó wà láàárín ọsán àti ibi tó jìn jù lára ìmúwọ́, ẹ fi wé ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀. Tó bá ti yàtọ̀ púpọ̀, ọsán tàbí kébù ti nà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi bow press lọ́ ọ padà kó tó di pé ẹ ṣe nǹkan mìíràn.

Tó bá jẹ́ ọrun oníkáàmù méjì, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa ya fídíò, ẹ fi ọfà sórí ọrun, ẹ kọjú sí ojú àmì, ẹ rọra fà á dópin, kẹ́ ẹ rọra dá a padà, ẹ wá wo fídíò náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí káàmù ti ń kọ lu kébù tàbí apá ọrun láti sọ pé ó tó, ṣé tòkè àti tìsàlẹ̀ jọ kàn án? Tí ọ̀kan bá ṣíwájú, ìdí ọfà á máa lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ nígbà tí ọsán bá ń tì í lọ, ẹ sì lè yí rẹ́sìtì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní parí. Kébù ni wọ́n máa lọ́ díẹ̀ lórí bow press kí wọ́n lè bára wọn dọ́gba.

Ti rẹ́sìtì: ẹ fi ọfà sórí ọrun, kẹ́ ẹ lo sikúẹ́à káfíńtà láti wo bóyá ọfà àti ọsán ṣe igun tó gún régé. Ọfà yẹ kó kọjá níwájú ihò tí wọ́n fi de rẹ́sìtì mọ́ irin ọrun, àárín ihò náà gan-an. Tí ìdí ọfà bá fi díẹ̀ báyìí ga ju iwájú lọ, kò burú. Láti ẹ̀gbẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àárín ọfà ní 13/16 ínṣì sí ara irin ọrun, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 20 àti díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọrun ayé òde òní ò jìnnà síbẹ̀. Ẹ de lúùpù pinpin, kò gbọdọ̀ máa sún lórí ọsán.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ wá kù. Ọwọ́ tó di ọrun mú gírígírí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju gbogbo nǹkan tí mo ti sọ lọ. Ìdí àtàńpàkò yín ni kí ọrun gbé ara lé, ìka yòókù á rọ̀, kẹ́ ẹ má fún un mọ́wọ́. Tí ọfà bá ti kúrò, ọrun yẹ kó fẹ́ bọ́ síwájú lọ́wọ́ yín, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa so okùn ọwọ́ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá fún un mọ́wọ́, ẹ ti lọ́ ọ nìyẹn, ìwé tẹ́ ẹ máa ta ọfà gbà á sì máa parọ́ fún yín.

Ìwé yẹn gan-an ló kàn. Ẹ gé àárín páálí ńlá kan jáde kó ṣẹ́ ku férémù, ẹ na ìwé ìròyìn tó gbẹ dáadáa sórí ẹ̀ kó le gbọọrọ, ẹ gbé e dúró ní gíga èjìká. Ẹ dúró ní fíìtì 6 sí i, kí ojú àmì wà ní ó kéré tán fíìtì 5 lẹ́yìn ìwé, torí ọfà gbọ́dọ̀ ti jáde nínú ìwé tán kórí ẹ̀ tó kan nǹkan kan. Ẹ ta á tààrà, kì í ṣe sókè, kì í ṣe sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ihò roboto kan pẹ̀lú ojú ìyẹ́ mẹ́ta tó yí i ká, ọfà ń kúrò tààrà. Tí ìwé bá ya gbọọrọ, ẹ wo ibi tí orí ti wọlé àti ibi tí ìyẹ́ ti wọlé.

Òkè àti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Tí ìyẹ́ bá ya ìwé lókè orí ọfà, ìdí ọfà ga, ẹ gbé rẹ́sìtì sókè díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ sọ lúùpù kalẹ̀. Tí ìyẹ́ bá ya á nísàlẹ̀, ẹ sọ rẹ́sìtì kalẹ̀. Díẹ̀ tí mò ń wí yìí, kò tó mìlímítà kan, ẹ yí i, ẹ ta ọfà mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó tún yí i. Ọ̀tún àti òsì ṣòro díẹ̀, torí líle ọfà, ọwọ́ yín, bí káàmù ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wọn ló ń dá sí i, nítorí náà mi ò ní ní kẹ́ ẹ há òfin kan sórí. Ẹ sún rẹ́sìtì ní ìdajì mìlímítà sí apá kan, ẹ ta ọfà mẹ́ta. Tí ìwé bá ya kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ máa lọ síbẹ̀. Tó bá ya jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà sí òdìkejì. Tẹ́ ẹ bá ti sún un kúrò lójú 13/16 yẹn púpọ̀ tí kò sì yí padà, ẹ dá a dúró, ọfà yín ló le jù tàbí tó rọ̀ jù, tàbí kí káàmù tẹ̀, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ rẹ́sìtì.

Tí ìwé bá ń ya bákan lónìí, bákan mìíràn lọ́la, tí ẹ ò lè rí ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ẹ fura pé ìyẹ́ ń gbá nǹkan lára. Ẹ fọ́n pọ́dà ọmọ sára rẹ́sìtì àti kébù, ẹ ta ọfà kan, kẹ́ ẹ wo ibi tí pọ́dà ti fá kúrò. Tí ìyẹ́ bá kàn án, ẹ yí nọ́ọ̀kì díẹ̀ kí ìyẹ́ lè rí àyè kọjá, tàbí, tó bá jẹ́ rẹ́sìtì tó máa ń ṣubú nígbà tí ọfà bá ń kọjá lẹ̀ ń lò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń pẹ́ kó tó ṣubú.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ mú ọfà kan tí kò ní ìyẹ́ rárá, tó jẹ́ pé àwọn yòókù ẹ̀ bá tàwọn tó nìyẹ́ mu. Ẹ ta á pẹ̀lú àwọn tó nìyẹ́ ní yáàdì 10, tó bá dáa kẹ́ ẹ wá lọ sí 20. Ọfà tí kò nìyẹ́ ò ní ẹni tó máa bò ó láṣìírí, bó ṣe kúrò lórí ọrun ló ṣe máa dé ojú àmì. Tó bá wọlé gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù ní yáàdì 20, iṣẹ́ ti fẹ́ parí. Tó bá jìnnà sí wọn ní yáàdì 10, ẹ má lọ sí 20, ẹ padà síbi ìwé.

Ẹ wá gbé orí abẹ jáde. Ẹ lo èyí tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìdánrawò, torí páálí á mú kó kú, kó sì jẹ́ pé ìwọ̀n ẹ̀ àti ti orí ìdánrawò bára wọn mu, gíréènì 100 pẹ̀lú 100, 125 pẹ̀lú 125. Mo gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ fi èyí tí abẹ ẹ̀ dúró gbọin tún ọrun ṣe, kì í ṣe èyí tó máa ń ṣí lẹ́yìn tó bá ti kan ẹran. Èyí tó ń ṣí máa ń fojú jọ orí ìdánrawò nínú atẹ́gùn, ó sì lè bo àléébù mọ́lẹ̀. Tí èyí tó dúró gbọin bá ń lọ tààrà, ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí gbogbo irú yòókù. Ní yáàdì 20, ẹ ta ọfà orí ìdánrawò mẹ́ta sí àmì kan, kẹ́ ẹ ta ti orí abẹ sí àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa fa ọ̀kan yọ kẹ́ ẹ tó ta òmíràn kí abẹ má bàa gé ìyẹ́ wọn.

Òfin ibí yìí ṣeé há sórí: ẹ gbé rẹ́sìtì láti ibi tí orí abẹ bá lọ síbi tí orí ìdánrawò bá. Tí orí abẹ bá bá òsì tí orí ìdánrawò wà lọ́tùn-ún, rẹ́sìtì á lọ sọ́tùn-ún. Tí orí abẹ bá bá ìsàlẹ̀, rẹ́sìtì á lọ sókè. Díẹ̀díẹ̀ náà ni o, kò ju 1/32 ínṣì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa rí i pé àwọn méjèèjì jọ ń sún, ṣùgbọ́n orí abẹ á máa sún jù, títí wọ́n á fi pàdé. Tí wọ́n bá ti pàdé ní 20, ẹ lọ sí 30, ẹ tún un ṣe níbẹ̀, àléébù tó kéré ní 20 á ti hàn ní 30. Ẹ má ṣe é nígbà tí ó ti rẹ̀ yín. Ọfà mẹ́wàá tẹ́ ẹ ta pẹ̀lú ara tó le dáa ju ogójì tẹ́ ẹ ta pẹ̀lú apá tó ń gbọ̀n.

Ìgbà yìí gan-an ni sáìtì tó láṣẹ láti wọ ọ̀rọ̀. Ẹ gbé píìnì tẹ̀ lé ọfà: ọfà bá òsì, píìnì á lọ sósì, ọfà bá òkè, píìnì á lọ sókè. Ẹ tún wo ìwọ̀n olómi kékeré tó wà lára sáìtì, atẹ́gùn kékeré tó wà nínú omi ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín nígbà tí ọrun bá dúró gbọọrọ, ẹ fi okùn tẹ́ ẹ so òkúta mọ́ rọ̀ sórí igi kẹ́ ẹ fi wò ó. Ẹ wá na ọrun sísàlẹ̀ àti sókè bíi pé ẹran wà ní ẹsẹ̀ òkè tàbí lórí òkè, kẹ́ ẹ wo bóyá atẹ́gùn kékeré náà ṣì wà láàárín. Ẹni tó bá ń dẹ̀gbẹ́ ní apá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já látorí òkè, ò gbọdọ̀ fojú fo èyí, torí sáìtì tó bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn á dáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú, á wá ta ọfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí òkè. Kẹ́ ẹ sì rántí pé ibi tí ilẹ̀ tẹ́ nìkan lẹ máa kà, kì í ṣe gígùn òkè: ẹran tó wà ní yáàdì 30 lórí òkè tó tẹ̀ ní dígíríì 30, bíi yáàdì 26 ni kẹ́ ẹ ta á.

Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe tán, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹ má fi sínú mọ́tò tẹ́ ẹ páàkì sínú oòrùn, ooru á mú ọsán nà, gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe á sì sọnù. Ẹ máa fi ìda pa ọsán níbi tí kò sí okùn tí wọ́n wé e, kẹ́ ẹ fi ìka ra á títí á fi gbóná díẹ̀ wọnú ẹ̀. Ẹ wo ihò tẹ́ ẹ ń yọjú wò nínú ọsán: tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí kò kọjú sí yín mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fà á, ọsán ti ń nà nìyẹn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ọsán tàbí kébù, ibi ìwé lẹ máa padà sí.

Kẹ́ ẹ tó jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dẹ̀gbẹ́, ẹ wo àwọn àmì máákà tẹ́ ẹ fi sára rẹ́sìtì àti káàmù bóyá wọ́n ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ẹ ta ọfà orí abẹ kan ṣoṣo ní yáàdì 20, ọfà àkọ́kọ́ ọjọ́ náà, láìkọ́kọ́ ta òmíràn, torí àkọ́kọ́ náà lẹ máa rí ta ẹran. Tó bá bá ojú àmì, ẹ fi orí abẹ tuntun tàbí èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n sí i, kẹ́ ẹ gbé apó. Tí kò bá bá a, ẹ má jáde pẹ̀lú ọrun yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gbé e padà sídìí ìwé.